Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ yín kò tíì tán lára rẹ̀

Ìyá kan tó ń ta òkìrìkà n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 14 lóṣù tó kọjá. Nígbà tó wà ní JSS2, àwọn ọmọ kan tó dàgbà jù ú lọ dá a lọ́nà nígbà tó ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Wọ́n gba bàtà rẹ̀ àti owó ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì lù ú débi pé eyín rẹ̀ kan kán. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó ti gbàgbé ìyẹn báyìí, kì í tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́jọ ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ó ń yọ owó nínú owó ọjà mi, kì í fẹ́ lọ sílé-ìwé, ó ń pẹ́ níta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi abẹ fẹ́lẹ́ ya ọmọ kíláàsì rẹ̀ lápá. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló ń kó abẹ náà sí. Bàbá rẹ̀ nà án títí, ó ti sú u, ó ní òun máa mú un lọ sí Borstal, ilé àtúnṣe ìwà àwọn ọ̀dọ́, l'Abẹ́òkúta. Ṣé lílù tí wọ́n lù ú nígbà náà ló sọ ọ́ dà báyìí ni, àbí ìwà náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n mú un lọ?"

Ẹ kú ìnira, Ìyá wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, gbólóhùn kan ni n kò sì lè fò dá: "Ó ti gbàgbé ìyẹn báyìí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbàgbé kì í ki abẹ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ lọ sílé-ìwé. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn ọmọ tí wọ́n bá mú wá sí kóòtù, tí mo ń gbọ́ tẹnu wọn kí adájọ́ tó gbọ́ ti ọlọ́pàá, n kò sì mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu òbí. Ọmọ kò sọ ọ́ mọ́, wọ́n wá rò pé ó ti lọ.

Kí n tètè dáhùn kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lílù tí wọ́n lù ú wà lára ohun tó sọ ọ́ dà báyìí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀. N kò fi ìyẹn ṣe àwáwí fún un. Ọmọ tó fi abẹ ya apá ọmọ ọlọ́mọ ti ṣe ohun tó burú, màá sì padà sórí ìyẹn. Àmọ́ tí gbogbo ilé bá ń bi í pé "Kí ló dé tí o ṣe é?", tí ẹnikẹ́ni kò bi í pé "Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?", ìdajì ọ̀rọ̀ la gbọ́, ìdajì yẹn la sì ń tìtorí rẹ̀ nà án.

Àwọn kan á sọ fún yín pé wọ́n na àwa náà ká tó dàgbà, kí ló ṣe wá? Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwọn tó fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà rí. Lọ́dún 1989, Cathy Spatz Widom ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Ó lọ tú ìwé kóòtù ọdún 1967 sí 1971 ní àgbègbè kan, ó sì kó ọmọ 908 jọ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n fìyà jẹ tàbí pé wọ́n pa tì kí wọ́n tó pé ọdún 12. Ó wá ọmọ 667 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn, ẹ̀yà wọn àti àdúgbò wọn jọ tàwọn ti àkọ́kọ́, tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló wá lọ wo ìwé ọlọ́pàá. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ, 26 ni ọlọ́pàá ti mú rí nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé. Nínú 100 àwọn yòókù, 17 ni.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, torí ojú méjì ló ní. Láti 17 sí 26 kì í ṣe ohun kékeré. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ ń tì í sọ́nà ìwà ọ̀daràn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìyókù. Ọmọ 74 nínú 100 tí wọ́n fìyà jẹ, ọlọ́pàá kò mú wọn rárá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹ bá mi ka èyí sétí bàbá rẹ̀, torí bí ẹ ṣe ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé ọmọ náà ti bà jẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí Widom wò, inú ilé ni ìyà ti bá wọn. Ti ọmọ yín, ìta ni. Wọ́n ti wádìí ìyẹn náà. Lọ́dún 2002, Shaffer àti Ruback gbé ohun tí wọ́n rí jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó lé ní 5,000, tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọdún kan síra. Àwọn tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fi ohun ìjà halẹ̀ mọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n ṣe ẹlòmíràn léṣe lọ́dún kejì. Wọ́n sì rí ìdàkejì rẹ̀: ẹni tó ṣe èèyàn léṣe lọ́dún àkọ́kọ́, òun náà ni wọ́n sábà máa ń ṣe léṣe lọ́dún kejì. Ìyá wa, èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Abẹ inú ìbọ̀sẹ̀ yẹn kò dáàbò bo ọmọ yín. Ọjọ́ tó bá yọ abẹ, ẹlòmíràn á yọ ọ̀bẹ.

Báwo ni ẹni tí wọ́n lù ṣe ń di ẹni tó ń luni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan fún yín. Ọmọ ọdún 15 ni, wọ́n mú un wá nítorí pé ó fi kọ́ńpáàsì ìṣirò gún ẹlòmíràn léjìká. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì mi, kò jókòó síbi tí mo fi hàn án. Ó fa àga náà títí tó fi kan ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ á sáré lọ sí àpò ṣòkòtò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọlọ́pàá ti gba kọ́ńpáàsì náà, ọwọ́ náà ṣáà ń lọ. Mo bi í nípa ìjà náà, kò fọhùn. Mo bi í nípa ilé, kò fọhùn. Mi ò mọ ohun tó gbé ìbéèrè náà wá sí mi lẹ́nu, mo ní, "Ọ̀nà wo lo máa ń gbà lọ sílé láti ilé-ìwé?"

Ó gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi lórí ìka: òun á gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, òun á fo gọ́tà, òun á la àárín ibi tí wọ́n ti ń la pákó kọjá, òun á dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ògì, òun á wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀nà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ló ń fi bíi wákàtí kan rìn, torí pé ní títì ni àwọn tó máa ń lù ú máa ń dúró sí. Ó ti ń rìn ín bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ó ń pẹ́ kó tó dé, ẹgba ló sì máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ ò rí i? Níta, wọ́n ń lù ú. Nílé, wọ́n ń nà án nítorí pé ó ń sá fún lílù.

Ara ọmọ tí ẹ̀rù ti ń bà láti ọjọ́ dé ọjọ́ kì í sinmi. Kì í sùn dáadáa, kì í lè fọkàn sí ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó, ohun kékeré á sì mú un bú gbàmù. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Kenneth Dodge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí ohun tó jọ èyí lọ́dún 1990 lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin tó jẹ́ 309: àwọn tí wọ́n ti ṣe léṣe nílé tètè máa ń ka ohun tó ṣèèṣì sí ìkà. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ gbá ìwé wọn láìmọ̀, lójú tiwọn ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí ọmọ yín ya lápá má ṣe ju pé ó fara gbún un lọ. Ẹ bi ọmọ yín. Ẹ má bi í bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn, ẹ bi í pé kí ló rò pé ọmọ yẹn fẹ́ ṣe fún òun.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ jàǹdùkú wá ńkọ́? Gbogbo wa n'Ìbàdàn la mọ àwọn tó ń pe ara wọn ní One Million Boys, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Agége mọ àwọn Awawa. A máa ń rò pé ìwà ojúkòkòrò ló ń gbé ọmọdé débẹ̀. Ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo ń sọ yìí, ohun tó sọ fún mi ni pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò pè é, ó ní, "Máa bá wa gba títì. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ẹ́." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi délé lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó ya èmi náà lẹ́nu bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Ààbò tí ilé kò fún un, tí ilé-ìwé kò fún un, àwọn yẹn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ọjà yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ẹ rí ohun tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà, fóònù, aṣọ? Tí owó bá ń lọ tí ẹ kò rí ohun tó fi ń ṣe, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Olè lẹ pè é, ó sì jalè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ja òun náà lólè títí di àárọ̀ yìí.

N kò bá bàbá rẹ̀ jà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba òun náà, ìbínú ló kàn gbé e bora. Ìwádìí tí àjọ ètò ìkànìyàn Nàìjíríà, UNICEF àti CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, jọ ṣe lọ́dún 2014 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá lórílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti fìyà jẹ lọ́nà kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18, àti pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ni wọ́n ti lù tàbí ṣe léṣe. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti jáde. Àmọ́ bàbá tó ń fi bẹ́líìtì na ọmọ tí wọ́n ti lù fọ́ eyín, ẹ̀kọ́ kan náà táwọn ọmọ ìta kọ́ ọ ló tún ń kọ́ ọ: ẹni tó bá lágbára jù ló ń borí. Àwọn bàbá wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Láti oṣù mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ ti ń nà án, ìgbà wo ló fà á mọ́ra? Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀, kó má jẹ́ níṣojú ọmọ.

Ohun kan wà tó ṣòro fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n n ò ní fi pamọ́. Ìwádìí ọdún 2014 yẹn náà sọ pé ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, àti ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, ni wọ́n ti bá ṣe ìṣekúṣe tàbí fọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́ kí wọ́n tó pé ọdún 18. Àwọn tó dá ọmọ yín lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ọmọkùnrin kì í sọ irú rẹ̀, ìtìjú á pa á. Ẹ má fipá bi í. Ẹ kàn sọ fún un pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ti ṣe fún un tó máa jẹ́ kí ẹ kọ̀ ọ́ lọ́mọ, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin òbí tó ń kà á l'Ékòó, tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, Mirabel Centre n'Ìkẹjà ń tọ́jú ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, sísá kúrò nílé ni a sábà máa ń mọ̀ wọ́n sí, a ó sì pè wọ́n ní aláìgbọràn. Ó yẹ kí n kọ tiwọn lọ́tọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Borstal. Mẹ́ta péré ló wà ní Nàìjíríà, ní Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Òfin ọdún 1960 tó dá wọn sílẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ti pé ọdún 16 tí wọn kò tíì pé 21, tí kóòtù sì rí i pé wọ́n ṣẹ̀, ló wà fún. Ọmọ yín jẹ́ ọdún 14, kò sì tíì dé iwájú adájọ́. Kì í ṣe ibi tí bàbá kàn ń wọkọ̀ lọ láti lọ fi ọmọ sílẹ̀. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni èrò náà ti wà. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, nígbà tí àwọn jàgùdà kún ìgboro Èkó, Donald Faulkner tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá wẹ́fíà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọdé tó ń sùn síta jọ sínú ilé ìtọ́jú. Ó dára ju ẹ̀wọ̀n àgbàlagbà lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti ń kó ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ àti ọmọ tó fìyà jẹni sínú yàrá kan náà, àwọn tó lágbára á sì tún rí àwọn tí kò lágbára. Tí ẹ bá kó ọmọ tó ń sá fún àwọn tó dàgbà jù ú lọ síbi tó jẹ́ pé àwọn tó dàgbà jù ú lọ ló kún ibẹ̀, ẹ ti dá a padà sójú títì yẹn.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2006, yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n rán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sẹ́wọ̀n, kò jẹ́ kí wọ́n nà án lẹ́gba, kò sì jẹ́ kí adájọ́ ṣèpinnu lórí ọ̀rọ̀ tó wúwo láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ti wádìí ilé ọmọ náà àti bó ṣe ń gbé. Nítorí náà, tí òbí ọmọ tó fara pa bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ìtàn lílù yẹn fún un látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, ẹ lọ bá ìyá ọmọ tó fara pa yẹn. Ẹ mú ọmọ yín dání. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ọmọ náà, kó sì mọ iye tí wọ́n ná sí apá yẹn, kó máa ràn yín lọ́wọ́ lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé títí ẹ ó fi san án tán. Èyí lágbára ju pàṣán lọ, torí ó máa rí ojú ẹni tó ṣe léṣe. Ọmọ tí wọ́n ti fìyà jẹ mọ ìrora yẹn dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì bẹ òun náà rí.

Ẹ tún lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀, kí ẹ lọ béèrè bóyá àwọn tó lù ú ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ìmọ̀ràn mi kò ní wúlò títí ẹnì kan á fi dá wọn lẹ́kun. Tí kì í bá sùn, tó ń lálàá burúkú, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ mú un lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó wèrè sí.

Ẹ sì wá àgbàlagbà kan fún un, yàtọ̀ sí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí lọ́dún 1955 títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ayé le fún jù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló dàgbà di èèyàn gidi láìkó sí wàhálà. Ohun tó hàn lára wọn ni pé ó kéré tán, àgbàlagbà kan wà tí kò fi wọ́n sílẹ̀: ìyá àgbà, àbúrò ìyá, tíṣà, aládùúgbò. Ta ni ọmọ yín máa ń rẹ́rìn-ín sí? Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì tó wà lójúde yín. Ó lè jẹ́ àbúrò yín tó ń gbé ní Mọ́níyà. Ẹ bẹ ẹni náà pé kó máa rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má sì jẹ́ pé ìbáwí ló máa ń bá wá.

Lálẹ́ òní, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ abẹ, ẹ má sọ̀rọ̀ owó. Tí bàbá rẹ̀ bá ti wọlé sùn, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló ń gbà wálé láti ilé-ìwé báyìí. Ẹ jẹ́ kó kà á tán. Lọ́la, ẹ fi ìsọ̀ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé fún wákàtí kan, kí ẹ lọ dúró dè é lẹ́nu géètì, kí ẹ sì jọ gba títì wálé.